Ọmọ Tó Ń Dáhùn "Bẹ́ẹ̀ Ni Mà"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ ṣùtì sí obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, ó sì ní kí n má bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló bẹ̀ mí pé kí n yọ kúrò. Ìyá Péńpé ni wọ́n ń pè é nílé, ìyẹn náà sì tó wa.

Péńpé lọmọ tó bí. Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé kò ga. Ẹnu rẹ̀ ló ga.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Ìyá Péńpé ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú tí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣí lọ. Òun ló ń gbé wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Bó bá fi máa délé, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti le bíi pákó.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn kọ́ ló dá a lágara jù. Gẹ̀ẹ́sì ni.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ baba arúgbó kan wá wo baba rẹ̀. Ó dúró síwájú Ìyá Péńpé, ó sì ń bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ìyá Péńpé kò sí níbẹ̀. "Mi ò gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ń sọ. Bàbá mi náà ò gbọ́. Ẹ wá ẹlòmíì fún wa."

Ọ̀gá kò jiyàn. Ó ní kí Ìyá Péńpé ṣì lọ máa ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ nísàlẹ̀ ilé ná. Ìyá Péńpé bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó sunkún níbẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló gbé òfin kalẹ̀ nílé.

"Láti òní lọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ó máa sọ sí ọmọ yìí."

Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè. Awakọ̀ tákísí ni Bàbá Péńpé, ẹni tó ti bá onírúurú èrò jiyàn láti àárọ̀, tí kò sì fẹ́ jiyàn mọ́ nílé. "Gẹ̀ẹ́sì wo? Èyí tí èmi àtìwọ ń sọ yìí?"

"Ti ilé ìwé ni yóò máa sọ. Àwa náà á máa kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

"Yorùbá wa ńkọ́?"

"Yorùbá ò ní sá lọ. Tó bá dàgbà, á kọ́ ọ."

Bàbá Péńpé yán. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n," ló wí, ló bá wọlé lọ sùn.

Ẹ ò ríyẹn? Báyìí ni wọ́n ṣe lé èdè jáde nínú ilé, kò tilẹ̀ la ariwo lọ. Péńpé kéré nígbà náà. Yorùbá gbẹ lẹ́nu rẹ̀ bí omi ṣe ń gbẹ lára aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi ń tún Gẹ̀ẹ́sì ìyá rẹ̀ ṣe. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, Mọ́mì. Ẹ tún un pè." Ìyá á tún un pè. Inú rẹ̀ á dùn, inú rẹ̀ á sì bàjẹ́ díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára sí i, wọ́n sì dá a padà sókè lọ́dọ̀ àwọn arúgbó.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni orí fóònù.

Màmá, ìyá tó bí Ìyá Péńpé, wà nílé lọ́hùn-ún. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè. Fóònù tó ń lò, ohùn nìkan ló ń gbé, kì í fi ojú ẹni hàn. Tí wọ́n bá kíra tán, á ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀. Gbé fóònù fún ọ̀rẹ́ mi." Péńpé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Péńpé gba fóònù, ó da Gẹ̀ẹ́sì bo ìyá àgbà.

"Kí ló ń wí?" Màmá bi Ìyá Péńpé nígbà tó gba fóònù padà. "Ṣé ọmọ yẹn ò gbọ́ Yorùbá ni?"

Ẹ wò ó, ibẹ̀ gan-an ni ì bá ti sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Màmá ì bá bínú, ì bá sọ̀rọ̀ sí i, ọ̀sẹ̀ kejì á ti gbàgbé. Àmọ́ ó ti rẹ Ìyá Péńpé. Kò ní agbára ìbáwí lọ́jọ́ náà.

"Ó gbọ́ o, Màmá! Ẹ má dá a lóhùn, yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ọmọ jàǹdùkú! Ó fẹ́ bá èmi ṣeré!"

Irọ́ tó bá ti jáde báyẹn, oúnjẹ ló ń bèèrè. Kí ọjọ́ Àìkú mìíràn tó dé, Ìyá Péńpé ti jókòó ti ọmọ, ó ti kọ́ ọ ní ìkíni, ìdáhùn àti ìdágbére. Ohùn kò ṣòro fún Péńpé. Ohun tí o bá wí létí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á wí i padà fún ọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, títí kan ibi tí o ti mí. Ìtumọ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Tí Màmá bá wá ń bèèrè ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ìyá Péńpé wá ọgbọ́n sí i. Á fi etí ti fóònù, á dúró sẹ́yìn ọmọ. Bó bá tẹ̀ ẹ́ léjìká, ọmọ á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Bó bá fà á létí díẹ̀, "Rárá mà." Bó bá gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, "Mo ti gbọ́ mà, ẹ ṣeun mà."

"Ṣé o ti jẹun?" Ó tẹ èjìká. "Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ṣé ẹnìkan ń nà ọ́ nílé ìwé?" Ó fa etí. "Rárá mà."

"Máa gbọ́ràn sí ìyá rẹ lẹ́nu o. Òun nìkan lo ní." Ó gbá a lẹ́yìn. "Mo ti gbọ́ mà, ẹ ṣeun mà."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá Péńpé rí wọn lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. "Ẹ wo bó ṣe ń pààrọ̀ jíà! Ìyá Péńpé, ìwọ náà ti di awakọ̀!" Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìyá tó bí ọ là ń ṣe báyìí sí o," ló wí.

"Ẹ ò rí bí inú wọn ṣe ń dùn ni? Ayọ̀ ni mò ń fún wọn."

"Ayọ̀ ayédèrú."

Àbí irọ́ ló pa? Màmá ti sọ ọ́ káàkiri àdúgbò. "Ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún o! Yorùbá rẹ̀ mọ́ ju tàwọn ọmọ tó wà níbí lọ." Àwọn ìyá tí ọmọ tiwọn kò ka èdè sí bẹ̀rẹ̀ sí í fi Péńpé ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ ì bá dúró síbẹ̀ bí kì í bá ṣe iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó pín iṣẹ́ tuntun, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ló bọ́ sí Ìyá Péńpé lọ́wọ́. Bí kò bá lè ṣe é, yàrá ìfọṣọ ṣì wà nísàlẹ̀. Bàbá Péńpé wà lójú ọ̀nà láti òwúrọ̀. Ta ni yóò wà nílé tí ọmọ bá dé láti ilé ìwé?

"Màmá lè wá," ni Ìyá Péńpé wí.

Ọkọ rẹ̀ wò ó pẹ́. "Kí wọ́n tó wá, sọ òótọ́ fún wọn."

"Mà á sọ ọ́."

Kò sọ ọ́. Ó fẹ́ sọ ọ́ nígbà tó ń ṣètò ìrìn àjò, ó fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó kù díẹ̀ kí Màmá wọkọ̀ òfúrufú. Lọ́jọ́ tí Màmá dé, ohun tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ọmọ yìí ló gbé mi dìde nílé o. Mo ní mi ò ní kú láìjókòó bá a tàkúrọ̀sọ." Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń dá irú ọ̀rọ̀ báyẹn dúró? Péńpé kúnlẹ̀, ó ka ìkíni rẹ̀ láìṣì, Màmá sì bú sẹ́kún ayọ̀ níwájú gbogbo èèyàn.

Nílé, ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Tí Ìyá Péńpé bá wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a máa wà léjìká ọmọ, Màmá a sì máa rò pé ìfẹ́ ni. Tí ọmọ bá dákẹ́ jù, á ní, "Ìtìjú ló ń ṣe é, Màmá." Tí kò bá sí nílé, Péńpé á fúnra rẹ̀ yan ìdáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni mà" ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.

"Ọmọ yìí mà dára o," Màmá ń wí fún Ìyá Péńpé. "Kì í jiyàn rárá. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, á tẹjú mọ́ mi lẹ́nu báyìí, á sì máa mi orí."

Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, mi ò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Wọ́n jọ ń ká aṣọ, wọ́n jọ ń wo àwọn èèyàn tó ń kọjá lójú fèrèsé. Màmá ń sọ̀rọ̀, Péńpé ń ya àwòrán.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ, Màmá ní, "Mo ti sọ fún Péńpé bí èmi àti bàbá rẹ ṣe pàdé. Ọmọ náà gbádùn ẹ̀. Ìwọ ò bi mí rí láyé rẹ."

Òótọ́ ni, Ìyá Péńpé kò bi í rí. Ó fẹ́ ní kí Màmá tún un sọ, kí òun náà gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ní kó tún un sọ, Màmá á ní, "Bi ọmọ rẹ, ó mọ̀ ọ́n." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo. Ìgbà yẹn ló mọ ohun tó ń ṣe gan-an: ìyá rẹ̀ ń da gbogbo ayé rẹ̀ sínú ọmọ tí kò lè gbé e dúró, òun sì ń wò ó bó ṣe ń ṣòfò.

"Lọ́jọ́ Àìkú, mà á sọ òótọ́," ló wí nínú ara rẹ̀. "Ó rẹ̀ mí lónìí."

Kí ọjọ́ Àìkú yẹn tó dé, nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Lọ́sàn-án tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ìyá arúgbó kan ni Ìyá Péńpé ń bọ́ níbi iṣẹ́. Ó ń fi sùúrù bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì tó já geere. "Ṣé ó ń dùn yín níbì kan? Ẹ fi ibẹ̀ hàn mí." Fóònù rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn òṣìṣẹ́, bí òfin ibẹ̀ ṣe wí. Nígbà tó fi ṣí i, ìpè ọkọ rẹ̀ ti kúnnú ẹ̀.

"Ọsibítù la wà," Bàbá Péńpé wí nígbà tó pè é padà. "Mo délé, mo bá Màmá lórí àga, wọ́n ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Péńpé ń wo tẹlifíṣọ̀n."

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú. Ẹnu ti wọ́. Màmá lajú sílẹ̀, ó ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò jáde mọ́.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Péńpé. "Ta ló wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ṣé wọ́n bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n sọ̀rọ̀ gan-an."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Péńpé yíjú padà, ó wo ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ojú ló wò, ọwọ́ ló wò. Ó ń retí kí wọ́n tẹ òun léjìká.

Ọwọ́ Ìyá Péńpé kò kúrò lójú kan. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó, nọ́ọ̀sì ń wò ó.

"Mi ò mọ̀," Péńpé wí níkẹyìn. "Mi ò gbọ́ èdè wọn. Mo kàn máa ń dáhùn ni."

"Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo máa ń wà nílé pẹ̀lú wọn?" Dókítà dìde, ó kọjú sí ìyá. Kò pariwo. Ó ní ká ní ẹnìkan ti pe àwọn nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ló bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Péńpé fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ kò lanu. Ó wo Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì dúpẹ́ (ẹ gbọ́ irú ọpẹ́!) pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá kò ní mọ̀.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò bú u. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. "Èmi náà jẹ̀bi," ló wí. "Mo rẹ́rìn-ín."

"Ọwọ́ mi ni Màmá ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí," Ìyá Péńpé wí. "Ọwọ́ mi lásán ni." Ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ èyí tó kù.

Ó gba ààyè níbi iṣẹ́, ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ọsibítù. Gbogbo ohun tó ń ṣe fún ìyá oníyàá, ó wá ń ṣe é fún ìyá rẹ̀. Ó ń yí i padà, ó ń fi òwú tútù nu ètè rẹ̀. Ó ń bá a sọ Yorùbá ṣáá, ó ń tọrọ àforíjì láìsọ ohun tó ń tọrọ rẹ̀ fún. Màmá á kàn máa wò ó.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń múra àtilọ sí ọsibítù, ló bá gbọ́ ohùn Màmá nínú yàrá.

Aṣọ tó ń ká bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn Màmá ni, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀. Ó tẹ̀lé ohùn náà. Péńpé ló jókòó sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó ń bá ọmọláńgidi rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí Péńpé ṣe rí i, ẹ̀rù bà á. Ó sáré fi Gẹ̀ẹ́sì wí pé, "Mi ò sọ Yorùbá o, Mọ́mì! Mo kàn ń wí i ni."

"Ta ló wí i fún ọ?"

"Ìyá àgbà. Lọ́jọ́ tí ara wọn ò yá."

Ìyá Péńpé jókòó sórí ilẹ̀. "Tún un wí. Gbogbo ẹ̀. Mi ò ní bínú."

Péńpé di ojú. Ohùn Màmá sì jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń falẹ̀, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ra wọn.

"Péńpé. Lọ pe ìyá rẹ. Apá mi ń kú lọ. Fóònù, gbé fóònù wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà," ọmọ náà fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn.

"Rárá, kì í ṣe ìwé àwòrán. Fóònù. Ṣé o gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Ó dákẹ́ díẹ̀, bí Màmá náà ṣe ní láti dákẹ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn náà ti rọlẹ̀.

"Áà. O ò gbọ́ mi. O ò gbọ́ mi rí, àbí? Ìyá rẹ ló ń dá mi lóhùn. Kò burú, ọ̀rẹ́ mi. Ẹjọ́ rẹ kọ́. Má lọ. Jókòó tì mí."

Péńpé lajú. Ó fi ohùn ara rẹ̀ parí ẹ̀. "Mo ti gbọ́ mà, ẹ ṣeun mà."

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìdáhùn yẹn ló lọ wo tẹlifíṣọ̀n.

"Ṣé mo wí i dáadáa?" ó bi ìyá rẹ̀. "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, irọ́ ti wà létè Ìyá Péńpé, ó ti gbóná, ó ti jinná. *Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn rẹ.* Kí ló burú níbẹ̀? Òótọ́ ni pẹ̀lú. Ta ló fẹ́ sọ fún ọmọ kékeré pé wọ́n ní kó dúró, ó sì lọ? Ó rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Irọ́ ló sì máa ń rọrùn fún ẹni tó bá ti rẹ̀.

"Wọ bàtà rẹ," ló wí. "A jọ ń lọ ni."

Ní ọsibítù, àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Ìyá Péńpé fọwọ́ lu àga náà. "Jókòó tì wọ́n," ló wí ní Yorùbá.

Péńpé wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ìyá rẹ̀ tún fọwọ́ lu àga. "Jókòó tì wọ́n."

Ọmọ náà jókòó. Ọwọ́ òsì Màmá, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, rọra rìn lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ Péńpé mú. Péńpé tún yíjú wá ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó fẹ́ mọ èyí tí yóò dáhùn. Ìyá Péńpé ti kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Péńpé wo àga tó jókòó lé, ó wo Màmá. Ètè ọmọ náà ń wí ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. "Jókòó. Jókòó tì mí."

Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè pé, "Mọ́mì, ohun tí wọ́n ní kí n ṣe nìyẹn? Lọ́jọ́ yẹn?"

Màmá ń wo Ìyá Péńpé. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ìyá Péńpé wí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ èyí tó kù, kó lè yé ọmọ dáadáa. Ó ní ẹ̀bi òun ni, kì í ṣe ti Péńpé, òun ni kò jẹ́ kó gbọ́ Yorùbá, Màmá náà sì ti wí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tún gbogbo ẹ̀ sọ ní Yorùbá láti orí ìpè fóònù àkọ́kọ́, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Péńpé kò gbọ́ èyí. Ṣùgbọ́n ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì lọ síbì kankan.